Báwo ni ìtàn ẹlẹ́rù orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń di ìgbàgbọ́, báwo la sì ṣe ń tọ ipa rẹ̀?

Atọpinpin béèrè:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Slender Man, ọkùnrin gíga tínínrín tí kò lójú tí kò nímú, ẹnì kan ló fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Orúkọ ẹni náà kò pamọ́, ọjọ́ tó gbé e jáde kò pamọ́. Síbẹ̀, ẹ ó rí ẹni tí yóò búra pé iwin àtijọ́ ni, tí yóò tún kó àwòrán jọ láti fi gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ibo gan-an ni ìtàn àròsọ ti ń di ohun tí èèyàn gbà gbọ́? Bí irú rẹ̀ bá sì já sí èèyàn lọ́wọ́ lónìí, ọ̀nà wo ló lè gbà tọ̀ ọ́ dé orísun? Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe "má gbà á gbọ́" ni mò ń wá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni kí ẹ là fún mi.

Ọmọ Ìwé dáhùn:

Ẹ ṣeun, Atọpinpin. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí fọ́tò yẹn fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2009 ni Eric Knudsen, tó ń jẹ́ Victor Surge lórí Something Awful, ìkànnì ìjíròrò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbé fọ́tò dúdú-òun-funfun méjì síbẹ̀. Eré ni wọ́n ń ṣe: kí kálukú mú fọ́tò lásán, kó tún un ṣe títí yóò fi jọ ohun abàmì. Àwọn mìíràn ti gbé tiwọn wá ṣáájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó kọ sábẹ́ tirẹ̀ ló gbé e yọ.

Ẹ wo iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe. Ó ní ọdún 1986 ni wọ́n ya ọ̀kan nínú fọ́tò méjèèjì, lọ́jọ́ tí ọmọ 14 pòórá. Ó dárúkọ ilé ìkàwé kan tó jóná lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn náà. Ó ní àbùkù fíìmù ni àwọn aláṣẹ pe ohun àjèjì tó wà nínú rẹ̀. Ó ní wọ́n ti gba ojúlówó lọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ẹni tó yà á sì ti di àwátì. Gbogbo ọ̀nà tí oníyèméjì lè gbà bi í léèrè ló ti dí pa. Ẹ ò lè ní kí wọ́n mú ojúlówó wá, ẹ ò lè wá ayàwòrán rí. Bí àwọn aláṣẹ bá sẹ́, òun náà ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀ pé wọ́n sẹ́. Kò sì kọ ọ́ bí ẹni ń pàtàn. Bí akọ̀wé ọ́fíìsì ló ṣe kọ ọ́, gbólóhùn ṣókí ṣókí, láìsí "ẹ̀rù bà mí" kankan nínú rẹ̀.

Ti ayé àtijọ́ tẹ́ ẹ bi, inú eré kan náà ló ti jáde. Wọ́n mú àwòrán Hans Holbein kan, ti ọ̀rúndún 16, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi orúkọ oníṣẹ́ ọnà tí kò gbé ayé rí sí i.

Nígbà tí àkọlé eré wà lókè ojú ewé, ta ni yóò ṣìnà? Àkọlé yẹn ló máa ń kọ́kọ́ já bọ́. Ẹni tó da fọ́tò kọ kò da àkọlé kọ. Ọjọ́ 10 péré lẹ́yìn náà, fídíò Marble Hornets, eré alátẹ̀léra tí wọ́n gbé karí Slender Man, bẹ̀rẹ̀ lórí YouTube. Ní 2012, géèmù dé. Ẹni tó pàdé rẹ̀ nínú fọ́tò, nínú fídíò, nínú géèmù, yóò rò pé ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni. Ẹnu kan ni gbogbo wọn ti gbọ́ ọ.

Àgbà Onítàn dáhùn:

Òótọ́ ni Ọmọ Ìwé sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àkọlé tó já bọ́ ti wà kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1914, ìwé ìròyìn Evening News ti London tẹ ìtàn àròsọ Arthur Machen kan jáde, nípa àwọn tafàtafà ayé àtijọ́ tó wá gbèjà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Ó jọ ìròyìn ogun, wọn ò sì kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé àròsọ ni. Kò pẹ́ tí àwọn tafàtafà fi di áńgẹ́lì tó yọ ní Mons, ojú ogun kan ní Belgium, tí ìwé ìròyìn àwọn ìjọ sì ń tẹ̀ ẹ́ kiri. Machen fúnra rẹ̀ ní òun lòun hun ún. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbà fún un.

Àsọtúnsọ náà ní agbára tirẹ̀. Ní 1977, àwọn olùṣèwádìí mẹ́ta, Hasher, Goldstein àti Toppino, fi àwọn gbólóhùn kan síwájú akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀sẹ̀ méjì méjì láàárín. Èyí tí wọ́n ti gbọ́ rí ni wọ́n ń pè ní òótọ́ jù, ìbáà jẹ́ irọ́.

Linda Dégh àti Andrew Vázsonyi, àwọn tó ń ṣèwádìí ìtàn àtẹnudẹ́nu, sì kọ ọ́ ní 1983 pé èèyàn kì í kàn sọ irú ìtàn yìí, wọ́n máa ń fi ara ṣe é. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2014, ní Waukesha ní Wisconsin, ọmọbìnrin méjì ọlọ́dún 12 fi ọ̀bẹ gún ọmọ kíláàsì wọn nítorí Slender Man, ojú ọgbẹ́ 19. Ọmọ náà yè, ọpẹ́ ni. Ilé ẹjọ́ gbà pé àìsàn ọpọlọ wà níbẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ìtàn nìkan ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún péré ló wà láàárín eré fọ́tò àti ọ̀bẹ.

Ojú Lalákàn dáhùn:

Ẹ jẹ́ kí n mú ti títọ ipa.

Ẹ má fi screenshot wá a bó ṣe wà. Ẹ gé ọ̀rọ̀ àti àlà tó yí fọ́tò ká kúrò, kó ku fọ́tò nìkan, torí ẹ̀rọ tó ń wá àwòrán lè máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ gbé e sínú TinEye, ìkànnì tó ń wá ibi tí àwòrán ti jáde rí, kí ẹ ní kó tò ó láti orí èyí tó pẹ́ jù. Bí kò bá rí nǹkan, ẹ yí fọ́tò náà kí ọ̀tún di òsì, kí ẹ tún un wá. Àwọn tó ń jí àwòrán máa ń yí i bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tún fi Google Lens àti Yandex wá a. Ohun tí ọ̀kan ò rí, òmíràn lè rí i.

Ẹ ṣọ́ra níbí yìí: ọjọ́ tí TinEye fi hàn ni ọjọ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ kọ́kọ́ fojú kàn án, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ya á. Ti Wayback Machine náà, ìkànnì tó ń tọ́jú àdàkọ ojú ewé àtijọ́, ọjọ́ tí wọ́n da ojú ewé kọ ni. Ohun tó ń sọ fún yín ni pé nǹkan náà ti wà nígbà yẹn. Ọ̀pọ̀ ló ń kígbe pé àwọn ti dé orísun, kó sì jẹ́ àdàkọ kẹta ni wọ́n dúró sí.

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ni, ẹ má wá orúkọ iwin náà, torí ó ti wà níbi gbogbo. Ẹ mú gbólóhùn ọ̀rọ̀ 6 sí 8 tó ṣàjèjì jù, pàápàá èyí tó ní àṣìṣe lẹ́tà, ẹ fi àmì àyọlò há a, kí ẹ wá a. Àṣìṣe lẹ́tà ni ilà ojú ìtàn: àwọn àdàkọ tó ní àṣìṣe kan náà, ìdílé kan ni wọ́n. Èyí tí kò ní in ló ṣeé ṣe kó dàgbà jù, àfi bí ẹnì kan bá ti tún un ṣe.

Ẹ má sì fojú fo orúkọ fáìlì. Fọ́tò Backrooms, yàrá òfìfo aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n kọ ìtàn sí lórí ìkànnì ìjíròrò 4chan ní oṣù karùn-ún 2019, ó tó ọdún márùn-ún kí wọ́n tó rí ibi tó ti wá. Ní 2024 ni wọ́n bá a nínú ojú ewé àtijọ́ kan tí Wayback Machine tọ́jú. Ilé ìtajà HobbyTown ní Oshkosh, Wisconsin ni, nígbà tí wọ́n ń tún ilé náà ṣe ní 2002. Dsc00161.jpg lorúkọ rẹ̀, orúkọ tí kámẹ́rà fún un. Ẹ̀rọ tó ń wá àwòrán kì í wọ inú Wayback Machine. Ìdí tí kò fi bá a nìyẹn.

Atọpinpin:

Ẹ ṣeun gidi gan-an. Ó ku ọ̀kan: bó bá jẹ́ ọlọ́pàá tàbí ilé ìwé ló fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ ńkọ́? Ṣé ìyẹn ò tó ẹ̀rí?

Olùkọ́ Àgbà dáhùn:

Kò tó. Ẹ wo Momo. Ère ni. Keisuke Aiso ló ṣe é ní Japan, wọ́n sì pàtẹ rẹ̀ ní Tokyo ní 2016: ojú obìnrin, ẹsẹ̀ ẹyẹ. Àwọn tó ń pín in kiri gé ẹsẹ̀ ẹyẹ kúrò. Ojú ràgàjì yẹn nìkan ló kù, ère wá di ènìyàn. Ní 2018, àhesọ gbalẹ̀ pé ó ń gba orí WhatsApp pàṣẹ fún ọmọdé kí wọ́n ṣe ara wọn léṣe. Nígbà tó di oṣù kejì 2019 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òbí kọ ọ́ sí Facebook, ìwé ìròyìn gbé e, ilé ìwé àti ọlọ́pàá kìlọ̀, ìwé ìròyìn tún wá gbé e pé ọlọ́pàá ti kìlọ̀. Ẹ rí bó ṣe ń yí po. Samaritans àti NSPCC, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kò sí ẹ̀rí pé ó ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá. Ère náà sì ti jẹrà; Aiso ti dà á nù láti 2018.

Bí ìkìlọ̀ bá dé, ẹ wá ibi pàtó, ọjọ́ pàtó àti ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí i nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ "a gbọ́ pé" ló kún inú rẹ̀, wọ́n-ní-wọ́n-ní ni, òǹtẹ̀ ò sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ẹ pe ilé iṣẹ́ náà lórí nọ́mbà tó wà ní ìkànnì wọn, kì í ṣe èyí tó wà nínú ìkìlọ̀, kí ẹ bi wọ́n pé ẹjọ́ mélòó ló ti dé ọwọ́ wọn.

Ní ti àwọn ọmọ, ẹ má gbé àwòrán náà síwájú wọn pé ẹ̀ ń kìlọ̀. Ọmọ tí kò rí i rí, ẹ̀yin lẹ fi hàn án yẹn. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló gbọ́, ẹnu ta ló ti gbọ́ ọ. Bó bá ti rí ojú yẹn tẹ́lẹ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ fi ère hàn án lódindi, tẹsẹ̀tẹsẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ṣì ń bà á, ẹ má pè é ní ojo. Ẹ fún un ní bébà àti pẹ́ńsùlù, kó ya ẹsẹ̀ ẹyẹ tí wọ́n gé kúrò yẹn padà fúnra rẹ̀.