Tesla, Hyundai tàbí BYD: èwo ni ká rà nínú àwọn mọ́tò oníná yìí?

Àdùnní Ọlọ́mọ Mẹ́ta

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Èmi àti ọkọ mi ti fẹnu kò pé mọ́tò tá a máa rà báyìí, oníná ni, a ò ra elépo mọ́. Ibi iṣẹ́ mi tó nǹkan bí 30 kìlómítà sílé, tí n bá lọ tí mo bọ̀, ó di 60. Ṣùgbọ́n a máa ń kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí wa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì tó 350 kìlómítà ní àlọ nìkan. Àyè wà nínú ọgbà wa tá a lè ti máa fi ṣáájì sí i lóru.

Mẹ́ta ló kù lójú wa: Tesla Model Y, Hyundai Ioniq 5 àti BYD Atto 3. Tesla ni ọkọ mi ń fẹ́. Ọkàn tèmi fà sí Ioniq 5. Tá a bá sì wo àpò wa, BYD ló bá a mu jù.

Bí wọ́n ṣe ń tà á gan-an ló ń dà mí lọ́kàn rú. Níbì kan tá a dé, ẹni tó dá wa lóhùn ò mọ bí bátìrì mọ́tò náà ṣe tóbi tó. Mo bi í pé báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kó tó kún, ó ní "kì í pẹ́", ló bá mú wa lọ síbi àwọn elépo. Níbòmíràn, ẹni tá a bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, àmọ́ ó ní kí n san àsansílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kí ẹlòmíràn má bàa gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Ti Tesla ní tiẹ̀, orí fóònù ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣé èèyàn lè ra nǹkan tó wọ́n tó yẹn láìrí ẹni bá sọ ọ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń wà á, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n wò, kí sì ni kí n bi wọ́n?

Ìyá Táyé

Àbúrò mi, o ṣe dáadáa tó o béèrè kó o tó sanwó. Ioniq 5 ni mò ń wà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Fóòtì 800 ni iná rẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn mọ́tò oníná tó kù wà ní nǹkan bí 400. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé níbi ṣáájì tó lágbára 350 kW, ó lè ti ìdá 10 dé ìdá 80 nínú 100 láàárín ìṣẹ́jú 18. Kí àwọn ọmọ tó sọ̀ kalẹ̀ tọ̀, kí wọ́n tó na ẹsẹ̀, mọ́tò ti ṣe tán.

Àmọ́ gbọ́ mi o. Bó bá jẹ́ pé 50 kW péré ni èyí tó wà lójú ọ̀nà tiyín, kò sí ìṣẹ́jú 18 níbẹ̀. Ó máa lé ní wákàtí kan. Torí náà, kó o tó pinnu lórí orúkọ mọ́tò kankan, kọ́kọ́ lọ wo àwọn ibi ṣáájì tó wà láàárín ilé yín àti ilé àwọn òbí yín. Mélòó ni? Kí ni agbára wọn? Irú pulọ́ọ̀gì wo ni wọ́n ní? Ṣé wọ́n ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Èyí tó kú tún burú ju èyí tí kò sí lọ, torí o ti gbọ́kàn lé e.

Ohun kan tún wà tí n ò ní fi pa mọ́ fún ẹ. Lọ́dún 2024, Hyundai àti Kia pe ọ̀pọ̀ Ioniq 5 àti EV6 tó jẹ́ ti Kia padà fún àtúnṣe nítorí ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní ICCU. Òun ló ń fún bátìrì kékeré fóòtì 12 ní iná. Tó bá bàjẹ́, bátìrì kékeré yẹn á kú, mọ́tò sì lè dúró lójú ọ̀nà bí bátìrì ńlá tiẹ̀ kún. Sọ fún ẹni tó fẹ́ tà á kó fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò náà (VIN) yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹ, bóyá wọ́n ti ṣe àtúnṣe náà. Tí kò bá mọ ohun tó ò ń sọ, wá ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n.

Ẹnjiníà Oníná

Ẹ kú ìrònú, mà. Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ bátìrì, torí òun ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó tẹ́ ẹ fẹ́ san.

Oríṣi méjì lẹ máa bá pàdé. Ọ̀kan ni LFP, irin àti fọ́síféètì ló wà nínú rẹ̀. Èkejì ní níkẹ́ẹ̀lì. LFP máa ń lò pẹ́, kì í tètè gbiná tó bá ní ìṣòro, ẹ sì lè máa fi ṣáájì kún un dé 100 láìbẹ̀rù. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó wúwo, iná tó ń gbé kò sì tó bó ṣe wúwo tó, òtútù sì máa ń dà á láàmú. Oníníkẹ́ẹ̀lì ń gbé iná púpọ̀ láàyè kékeré, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́, ìdá 80 ló dáa kẹ́ ẹ máa dá a dúró sí, kẹ́ ẹ wá kún un dé 100 ní òwúrọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ ọ̀nà jíjìn.

LFP ló wà nínú Atto 3, irú èyí tí BYD ń pè ní Blade, tí wọ́n gbé jáde ní 2020. Àwọn yẹn ti ń ṣe bátìrì láti 1995, kí wọ́n tó máa ṣe mọ́tò rárá. Oníníkẹ́ẹ̀lì ni ti Ioniq 5. Tesla ń lo méjèèjì, ó wà lọ́wọ́ irú Model Y tẹ́ ẹ bá mú, torí náà ẹ béèrè.

Nípa ibi tó lè gbé yín dé, ẹ má fi nọ́ńbà inú ìwé ìpolówó ṣe ìṣirò ìrìn àjò. Ìdánwò CLTC ti Ṣáínà ló máa ń gbé nọ́ńbà tó ga jù jáde, WLTP ti Yúróòpù tẹ̀ lé e, EPA ti Amẹ́ríkà ló sún mọ́ ohun tójú wa ń rí jù. Ẹ wo Atto 3: iná tí bátìrì rẹ̀ ń gbé jẹ́ 60.48 kWh, WLTP sì sọ pé kìlómítà 420 ni. Ká ní ẹ sáré 120 lójú títì tó gbòòrò, tó ń jẹ 20 kWh fún 100 kìlómítà, nǹkan bí 300 ló máa bá yín dé kó tó gbẹ pátápátá. Kò sì sẹ́ni tó ń jẹ́ kó gbẹ. Ó túmọ̀ sí pé ẹ máa dúró lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà sọ́dọ̀ àwọn òbí yín, ó kéré tán. Atto 3 kì í sì í yára gba ṣáájì bí Ioniq 5. Fún ìrìn ojoojúmọ́ yín, ó tó, ó tún ṣẹ́kù.

Bàbá Ráyọ̀

Èmi ni mo ń wa Tesla níbí. Ìyàwó wa, ẹ má bẹ̀rù fóònù. Owó tó bá wà níbẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń san, kò sí ìdúnàádúrà, kò sí pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ná jù yín lọ. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ilé iṣẹ́ náà lè yí iye owó padà nígbàkigbà. Ní oṣù kìíní 2023, wọ́n já a wálẹ̀ gan-an káàkiri ayé, inú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á kò sì dùn. Tí iye tẹ́ ẹ rí bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ rà á, ẹ má wẹ̀yìn mọ́.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lọ gbé e, ojúmọmọ ni kẹ́ ẹ lọ o. Ẹ yí i ká, ẹ wo àlàfo àárín àwọn ilẹ̀kùn, ẹ wo ọ̀dà, ẹ ṣí bọ́ọ̀tì, ẹ tan gbogbo iná. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá rí, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.

Kí ọkọ yín náà jókòó síwájú kó wò ó dáadáa. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ọwọ́ ìdarí Model Y. Eré tẹ́ ẹ ń sá, àárín ni sikirínì tó ń fi hàn wà, òun náà lẹ máa fi ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan míì. Ó mọ́ mi lára. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kò lè mọ́ òun lára láéláé.

Supercharger, ìyẹn ibi ṣáájì ti Tesla fúnra wọn, ló jẹ́ kí n ra tèmi, torí wọ́n pọ̀, wọ́n sì ṣeé gbára lé. Ṣùgbọ́n láti 2021 ni Tesla ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i fún mọ́tò ilé iṣẹ́ míì láwọn ibì kan, kò yẹ kó jẹ́ òun nìkan lẹ máa tìtorí ẹ̀ ra Tesla mọ́. Ìyá Táyé á jẹ́rìí mi pé Ioniq 5 kì í yára níbẹ̀ bíi ti 350 kW o, torí ọ̀rọ̀ fóòtì 800 tí wọ́n sọ yẹn: mọ́tò tó wà ní nǹkan bí 400 ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ Supercharger fún.

Ìyá Táyé

Òótọ́ ni, kì í yára níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ilé Mọ́tò

Iṣẹ́ títa mọ́tò ni mò ń ṣe, mà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín yẹn. Mọ́tò oníná gba àlàyé púpọ̀. Ẹni tó ń gba owó lórí iye mọ́tò tó bá tà lóṣù, elépo tó ti mọ̀ dunjú ló máa tì sí yín. Yàtọ̀ síyẹn, mọ́tò oníná kò ní ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kò ní púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì, bíréèkì rẹ̀ kì í tètè jẹ torí mọ́tò ló ń fi ara rẹ̀ falẹ̀, tó sì ń dá iná padà sí bátìrì. Owó tí ilé ìtajà ń rí lórí títún mọ́tò ṣe dín kù. Kì í ṣe gbogbo wa là ń ronú báyẹn, ṣùgbọ́n ó wà.

Ti àsansílẹ̀, ẹ má san kọ́bọ̀ láìrí i nínú ìwé pé wọ́n máa dá a padà tẹ́ ẹ bá yí ọkàn padà. "Ẹlòmíràn ń bọ̀ wá gbà á" ni ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù lẹ́nu wa. Ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo iye tó máa jáde lọ́wọ́ yín sílẹ̀ lójú kan: mọ́tò, ìwé, gbígbé e wá, wáyà ṣáájì, gbogbo ẹ̀.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé lọ síbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rèé: "Tí bátìrì yìí bá ní ìṣòro, ta ló máa ṣí i, níbo ló wà?" Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ló ń ta á tí wọn ò ní ẹnì kankan tó kọ́ṣẹ́ láti fọwọ́ kan bátìrì ńlá yẹn. Tó bá jẹ́ pé wọ́n á wọ́ mọ́tò yín lọ sí ìlú míì, ó yẹ kẹ́ ẹ ti mọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Èmi ò bá mú èyí tí bátìrì rẹ̀ kéré díẹ̀, tó ní ibi àtúnṣe nítòsí, dípò èyí tó dára jù lórí ìwé tí kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe.

Olóye Àlòkù

Tí owó ò bá tó, ẹ má yọ àlòkù kúrò. Wáráńtì bátìrì lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ jẹ́ ọdún 8 tàbí kìlómítà 160,000, wọ́n sì máa ń ṣèlérí pé agbára rẹ̀ tó ṣẹ́ kù kò ní dín sí ìdá 70 nínú 100 láàárín ìgbà yẹn. Èyí tó ti lo ọdún mẹ́ta ṣì ní márùn-ún níwájú, kẹ́ ẹ sáà rí i pé wáráńtì náà bá mọ́tò dé ọwọ́ yín.

Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ìlera bátìrì, kí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ fún yín. Ẹ ṣọ́ra fún Nissan Leaf àtijọ́ níbi tí ooru bá ti pọ̀, torí atẹ́gùn lásán ló ń tu bátìrì rẹ̀ lára, kò ní omi ìtura bíi ti àwọn yòókù. Tẹ́ ẹ bá rí Chevrolet Bolt tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 2017 sí 2022, ẹ béèrè ìwé àtúnṣe rẹ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n pè padà nítorí bátìrì tó lè gbiná.

Àdùnní Ọlọ́mọ Mẹ́ta

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ìbéèrè míì: ọkọ mi ń sọ pé tí ilé iṣẹ́ BYD bá kógbá sílé lọ́la ńkọ́? Mo sì rí BYD kan tó dín owó gan-an lọ́wọ́ ẹnì kan tó ní tààrà láti Ṣáínà ló ti gbé e wá.

Ẹnjiníà Oníná

BYD kọ́ ni èmi á bẹ̀rù fún. Láti oṣù kẹta 2022 ni wọn ò ti ṣe mọ́tò tó ń lo epo nìkan mọ́, ní 2023 sì rèé, oníná àti alábọ́dé (tó ń lo iná àti epo) tí wọ́n tà lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Fisker, ilé iṣẹ́ mọ́tò oníná ti Amẹ́ríkà, ló wọ gbèsè ní oṣù kẹfà 2024, àwọn tó ra Ocean, mọ́tò wọn, sì ń wá páàtì àti ẹni tó máa tún kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ṣe kiri. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mọ́tò ẹyọ kan fi ń bà mí lẹ́rù.

Ti èyí tó dín owó yẹn, ẹ fi sílẹ̀, mà. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ọjà Ṣáínà, pulọ́ọ̀gì GB/T ló ní, ó lè má wọ ibi ṣáájì yín. Èdè Ṣáínà lè wà lójú sikirínì rẹ̀, aṣojú BYD lọ́dọ̀ yín sì lè sọ pé wáráńtì rẹ̀ kò kan òun. Atto 3 tí aṣojú wọn fúnra rẹ̀ tà fún yín yàtọ̀ pátápátá.

Ìyá Táyé

Gbé àga àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dání tó o bá ń lọ wà á wò. Tò wọ́n sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, kó o ti ilẹ̀kùn.

Àdùnní Ọlọ́mọ Mẹ́ta

Ẹ kú làákàyè, ẹ̀gbọ́n mi! A máa wa Ioniq 5 àti Model Y lọ́jọ́ kan náà, ká lè fi wọ́n wéra nígbà tó ṣì wà lára wa, lẹ́yìn náà la ó lọ sọ́dọ̀ aṣojú BYD. Mo ti kọ ìbéèrè "ta ló máa ṣí bátìrì yìí" sílẹ̀ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọkọ mi sì ti gbà pé ẹni tí kò bá lè dáhùn rẹ̀, a ò ní bá a rà. Ẹnjiníà, ó ku ọ̀kan: ṣé sọ́kẹ́ẹ̀tì inú ilé lásán tó, àbí dandan ni ká ra ẹ̀rọ ṣáájì ti ara ògiri?

Ẹnjiníà Oníná

Kìlómítà 60 yín lójúmọ́ kò ju nǹkan bí 11 kWh lọ. Sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán tó ń gbé 2.3 kW á dá a padà láàárín wákàtí márùn-ún, ti ara ògiri tó jẹ́ 7 kW kò ní tó wákàtí méjì. Torí náà ẹ lè fi sọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kí oníṣẹ́ iná kọ́kọ́ wo wáyà inú ògiri yín, kó fa wáyà ọ̀tọ̀ láti ibi pákó iná wá pẹ̀lú bíréékà tiẹ̀. Ẹ má lo wáyà àfikún tí wọ́n ń ká, ó máa ń gbóná.