Ẹ gbà mí o, jáàsì àwọn ará wa dà?

Ọmọ Múṣin: Ẹ̀yin ará, bàbá mi fi páálí rẹ́kọ́ọ̀dù kan sílẹ̀, háílàìfù ni mo mọ̀ níbẹ̀ àmọ́ jáàsì ló ń wù mí gbọ́, èwo ni kí n kọ́kọ́ gbé sí i?

Ìyá Ìbejì Yábà: Ṣé Koola Lobitos ò sí níbẹ̀? Ẹgbẹ́ olórin Fẹlá kó tó bẹ̀rẹ̀ Afrobeat nìyẹn o, háílàìfù ló pò mọ́ jáàsì, Tony Allen wá ń lùlù bí ẹni tó lọ́wọ́ mẹ́rin.

Bọ̀dá Èbúté Mẹ́tà: Òótọ́ lẹ sọ mà. Kó tún wá gbé No Agreement sí i, rẹ́kọ́ọ̀dù Fẹlá ti 1977, Lester Bowie ará Amẹ́ríkà ló fọn tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, Èkó níbí ló ti bá Fẹlá.

Ọmọ Múṣin: Ẹ ṣé gan-an. No Agreement wà, èkúté ti jẹ páálí ẹ̀ ni.