Ibo ni ásíìdì inú omidùn mi gbà lọ?

Àbíkẹ́ Ìkòròdú: Ẹ̀yin tí ẹ ti fi kátíríìjì SAX (ike kékeré tí ohun inú rẹ̀ ń di ásíìdì mú) yọ ásíìdì nínú oúnjẹ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí ojú yín rí, nítorí tèmi ti sú mi. Omidùn ògì ni mo fi ṣe é, láti inú àgbàdo tí ìyá ọlọ́gì àdúgbò wa rẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì kan débi pé mo di ojú nígbà tí mo tọ́ ọ wò. Mo sẹ́ ẹ, mo fi sílẹ̀ títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ fi lọ sísàlẹ̀ tí ó sì tòrò, mo fi methanol àti omi rin kátíríìjì, mo da omidùn sí i, mo fi omi ṣan ṣúgà kúrò, mo wá fi sulphuric acid tí mo ti bu omi là tú ìyókù jáde. Ohun tí HPLC, ẹ̀rọ tí ń ya ohun inú omi sọ́tọ̀ tí ó sì ń wọ̀n wọ́n, fi hàn mí kò tó nǹkan.

Ẹ̀gbọ́n Láàbù: pH (ìwọ̀n kíkan: bí ó bá ṣe kéré tó ni nǹkan ṣe kan tó) mélòó ni omidùn náà wà nígbà tí ẹ dà á sí i?

Àbíkẹ́ Ìkòròdú: 3.5, sà. Bí mo ṣe gbà á lọ́wọ́ ìyá náà ni mo ṣe dà á.

Ẹ̀gbọ́n Láàbù: Ibẹ̀ ni ó ti bàjẹ́. Ohun tí ó ti di ion, ìyẹn tí ó ti gbé iná òdì (negative), nìkan ni SAX ń dì mú. pKa lactic acid, ásíìdì tí ó ń mú omidùn kan, ìyẹn pH tí ìdajì rẹ̀ á ti di ion, jẹ́ 3.86, nítorí náà, ní pH 3.5, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá rẹ̀ péré ni ó ti di ion. Èyí tí ó pọ̀ jù á bá omi kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ máa kán sodium hydroxide sí i títí yóò fi dé nǹkan bí 8, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa jò díẹ̀díẹ̀, mílílítà kan ní ìṣẹ́jú kan ti tó.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Ẹ dárí jì mí, ṣùgbọ́n n kò rí ìdí wàhálà yìí. Asẹ́ 0.45 µm ni mo fi ń sẹ́ tèmi, tí mo sì ń fún ẹ̀rọ ní tààrà.

Ìyá Ìbejì Ẹ̀pẹ́: Kí ni ẹ ń sẹ́?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Omi ọsàn.

Ìyá Ìbejì Ẹ̀pẹ́: Mo rò bẹ́ẹ̀. Ẹ fi omi iṣápá pupa dán an wò kí a tún sọ̀rọ̀. Bí ẹ ṣe ń wí yìí ni èmi náà wí, títí ìfúnpá ẹ̀rọ wa fi ń gòkè lójoojúmọ́, tí a tú kọ́lọ́ọ̀mù (ọ̀pá inú ẹ̀rọ tí omi ń gbà kọjá), tí a sì rí i pé ẹnu rẹ̀ ti pọ́n bí ẹnu ẹni tí ó jẹ obì sùn. Láti ọjọ́ náà, C18, irú kátíríìjì mìíràn, ni mo fi ń ṣáájú: àwọ̀ iṣápá á lẹ̀ mọ́ ọn, citric acid àti malic acid á kọjá sínú ìgò mi.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Owó kátíríìjì ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Ẹ̀pẹ́: Ẹ béèrè owó kọ́lọ́ọ̀mù ná.

Ọlọ́gbọn Àgbádárìgì: Ẹ̀gbọ́n, mo gbé tèmi dé pH 8, ó sì ṣì jò lọ. Omi àgbọn ni.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Ta ló sọ pé omi àgbọn kan?

Ọlọ́gbọn Àgbádárìgì: Ahọ́n yín ni kò gbọ́ ọ. Malic acid ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ásíìdì rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Láàbù: Chloride ni ó ń bá a du àyè. Omi àgbọn ní chloride dáadáa, ion sì ni òun náà, nítorí náà àyè inú kátíríìjì á tètè kún. Ẹ fi omi tí a sè, tí a gba ooru rẹ̀ tí ó sì tutù padà di omi (distilled water), là á ní ìlọ́po mẹ́wàá, tàbí kí ẹ lo kátíríìjì tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Adélabù: Iná ni ọ̀tá tèmi. Wọ́n mú iná lọ láàárín iṣẹ́, ẹ̀rọ tí ń fa omi dákẹ́, mo sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀, nígbà tí n ó fi padà dé, kátíríìjì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rin ti gbẹ. Síríńjì ni mo fi ń tì í báyìí.

Ẹ̀gbọ́n Láàbù: Àbíkẹ́, ṣé ẹ da omi tí ó kọ́kọ́ jò jáde nù?

Àbíkẹ́ Ìkòròdú: Rárá, sà, ó wà nínú fíríìjì. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ yìí: inú rẹ̀ ni lactic acid mi wà. Mo ti kán sodium hydroxide sí omidùn tí ó ṣẹ́ kù, ó sì ń jò lọ́wọ́. Ìyá ọlọ́gì ti ránṣẹ́ pé òun fẹ́ gba ìgò òun.