Wọ́n yọ fídíò ẹ̀fẹ̀ mi kúrò, ẹ gbà mí o!

Aláwàdà Kékeré: Ẹ̀yin ará, inú ń bí mi débi pé mi ò fojú kan oorun lánàá. Mo ṣe fídíò tí mo fi sín olórin kan jẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ orin náà. Ìyàwó mi ló rán aṣọ tí mo wọ̀, ó to ìdérí ìgò sí i láyà kó lè máa dán yinrin bíi ti olórin yẹn. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pín in kiri. Àfi bí mo ṣe ṣí fóònù láàárọ̀ àná, ojú fídíò ti dúdú: wọ́n ní ẹni tó ni orin ló ní kí wọ́n yọ ọ́. Àwọn tó ń gbé odidi fíìmù síbẹ̀ ńkọ́? Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ṣé claim ni (ẹlòmíì sọ pé òun ló ni ohun kan nínú fídíò rẹ) àbí strike (ìkìlọ̀ pé o rú òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́)? Mi ò mọ ìkànnì tó o lò, àmọ́ ní YouTube, claim lè fi fídíò sílẹ̀ kí owó ìpolówó máa lọ sápò ẹlòmíì. Strike ló burú: tó bá pé mẹ́ta láàárín 90 ọjọ́, wọ́n lè ti àkáǹtì pa.

Ọmọ Akin: Bọ̀ọ̀dá, ẹ kàn kọ "fair use", ìyẹn ìlò tí òfin gbà láyè láìgba àṣẹ, sísàlẹ̀ fídíò. Ó tán.

Ìyá Ìbejì: Má ṣi í lọ́nà. Kíkọ ọ́ síbẹ̀ ò dá nǹkan kan dúró.

Ẹ̀gbọ́n Láyí: Wọ́n yọ tèmi náà rí. Mo fi counter-notice ránṣẹ́, ìyẹn ìwé tí mo fi sọ pé kò yẹ kí wọ́n yọ ọ́, wọn ò pè mí lẹ́jọ́, fídíò padà ní ọjọ́ iṣẹ́ kẹtàlá. DMCA, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti Amẹ́ríkà, ti 1998, ló fi í sí ọjọ́ iṣẹ́ 10 sí 14. Ṣùgbọ́n ṣé olórin yẹn gan-an lò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, àbí ò ń fi orin rẹ̀ bú ẹlòmíì? Nínú ẹjọ́ ẹgbẹ́ olórin rap tó ń jẹ́ 2 Live Crew ní 1994, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ ní ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń tà pàápàá lè jẹ́ fair use, ṣùgbọ́n kó máa bá orin tó yá wí.

Aláwàdà Kékeré: Òun gan-an ni! Ó ń kọrin òṣì, wúrà kún ọrùn ẹ̀. Ìlù rẹ̀ ni mo sì lò, torí tí n bá lo òmíràn, ta ló máa mọ̀ pé òun ni?

Ìyá Ìbejì: Ṣé o tún un lù ni, àbí o gé e látinú orin rẹ̀?

Aláwàdà Kékeré: Mo gé e, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ṣùgbọ́n mo ti fi counter-notice tèmi náà ránṣẹ́ lálẹ́ àná. Orúkọ mi kọ́ ni mo kọ o, mi ò fẹ́ kí wọ́n mọlé mi.

Ẹ̀gbọ́n Láyí: Háà! Ìwé ìbúra nìyẹn! Ohun tó o kọ síbẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ní kí wọ́n yọ ọ́ ló ń lọ tààrà. Gbàgbé fídíò ná. Kọ̀wé sí ìkànnì náà nísinsìnyí pé o fà á padà.

Ọmọ Akin: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dẹ́rù bà wọ́n. Ta ni ò lo orúkọ ìnagijẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ìyá Ìbejì: Ìnagijẹ lórí àkáǹtì yàtọ̀ sí irọ́ nínú ìwé ìbúra. Àbúrò, fà á padà kíá. Lẹ́yìn náà, tún ìlù yẹn lù fúnra rẹ, kó má gùn tó tàkọ́kọ́. Ẹjọ́ rẹ á sàn díẹ̀.

Aláwàdà Kékeré: Mo ti ṣí ojú ìwé wọn, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mi ò rí ibi tí wọ́n ti ń fà á padà.

Ẹ̀gbọ́n Láyí: Fèsì sí ímeèlì tí wọ́n fi sọ pé àwọ́n ti gba ìwé rẹ.