Ẹ̀yin tó ń ṣàgbéyẹ̀wò eré ìdílé tó dàrú: kí lẹ máa ń wò kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ yín?

Akọ̀wé Lugbe
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ àgbéyẹ̀wò eré àgbàlagbà, àwọn eré ọkọ tó yan àlè, ìyàwó tó ń jáde síta, àna tó dá ilé rú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ bí a ṣe ń ṣe é gan-an. Ohun tí à ń kà jù ni "eré yìí dùn, ẹ lọ wò ó," tàbí "obìnrin yẹn ò nítìjú rárá." Èyí àkọ́kọ́ kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ fi owó rẹ̀ wọ sinimá. Èyí èkejì ń dá ẹni tí kò sí láyé lẹ́jọ́. Kí lẹ máa ń wò? Kí ló máa ń ba irú eré bẹ́ẹ̀ jẹ́?

Ìyá Ìbejì Kubwa
Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ wò ó. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má mú bírò dání, ẹ jẹ́ kó mú yín bó ṣe máa mú yín. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ máa kọ ìṣẹ́jú sílẹ̀: ìgbà wo la kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ò lọ déédéé nínú ilé yẹn? Ìgbà wo ni àlè yọjú? Ìgbà wo ni àṣírí tú? Bí eré wákàtí méjì bá ti lo ogójì ìṣẹ́jú lórí òde àríyá àti ọkọ̀ bọ̀gìnnì kí a tó mọ ohun tó ń dun tọkọtaya, ibẹ̀ ni àìsàn rẹ̀ wà. Ẹ kọ iye ìṣẹ́jú yẹn sínú ọ̀rọ̀ yín, kò sẹ́ni tó máa bá yín jiyàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìdí. Ọkùnrin kì í ṣàdédé jí láàárọ̀ ọjọ́ kan kó lọ yan àlè. Òǹkọ̀wé tó mọṣẹ́ á ti fi hàn wá ṣáájú: ìyàwó gbé ẹ̀bà sílẹ̀, ó bò ó, ẹ̀bà tutù, kò sẹ́ni tó ṣí i, ó gbé e padà wọ kíṣìnnì láìsọ̀rọ̀. Ìran ìṣẹ́jú kan péré nìyẹn, ó sì ti sọ ohun tí igbe ìdajì wákàtí kò lè sọ. Bí irú ìran bẹ́ẹ̀ kò bá sí, àgbèrè inú eré náà kò ní gbòǹgbò, ẹkún ìkẹyìn kò sì ní ká wa lára.

Dèjì Kaduna
Òótọ́ lẹ sọ, mà. Ṣùgbọ́n fóònù tí wọ́n dojú ẹ̀ bolẹ̀ lórí tábìlì ńkọ́? Gbogbo eré ló ti kó sí i báyìí. Ó ti sú èèyàn.

Ìyá Ìbejì Kubwa
Dèjì, kó wọ́pọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi ṣe. Bí fóònù bá dún tí ìyàwó sì gbà á lójú ẹsẹ̀, ọ̀lẹ ni òǹkọ̀wé yẹn. Bó bá wò ó, tó mọ̀ ohun tó jẹ́, tó wá ń ṣa abọ́ lọ bí ẹni tí kò rí nǹkan kan, a ti mọ obìnrin náà nìyẹn.

Lọ́yà Wuse
Ẹ bá mi wo ibi kóòtù dáadáa, ibẹ̀ ni eré wa ti ń ṣubú jù. Ẹni tó ṣègbéyàwó ní rẹ́jísìrì, ilé ẹjọ́ gíga ló ti máa kọ ara wọn sílẹ̀, lábẹ́ Matrimonial Causes Act, òfin ìkọ̀sílẹ̀ ti ọdún 1970. Kóòtù ìbílẹ̀ kò lágbára lórí ẹ̀. Síbẹ̀ ẹ ó rí tọkọtaya tí wọ́n ṣe ti rẹ́jísìrì pẹ̀lú ẹ̀wù funfun, tí bàbá kóòtù ìbílẹ̀ wá ń tú wọn ká níwájú gbogbo ọjà.

Àti pé kí wọ́n ṣáà sọ pé "ó ṣàgbèrè" kò tó. Abala 15 òfin yẹn ní kí olùpẹjọ́ fi hàn pé ẹnì kejì ṣàgbèrè, àti pé òun ò lè fara da gbígbé pẹ̀lú ẹ̀ mọ́. Ohun méjì ni. Ẹ rò ó wò bí eré ṣe lè dùn tó níbẹ̀: ọkọ jẹ́wọ́, lọ́yà ìyàwó wá bi í lójú gbogbo ènìyàn bóyá kò lè fara dà á lóòótọ́, nígbà tó jẹ́ pé ó ṣì ń sè fún un títí di oṣù tó kọjá. Òfin kan náà, ní abala 31, fàyè gba ẹni tí wọ́n ṣàgbèrè sí láti béèrè owó gbà-máà-bínú lọ́wọ́ àlè fúnra ẹ̀. Mi ò mọ ìdí tí àwọn òǹkọ̀wé eré fi ń fi irú ẹran bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lórí àtẹ.

Ọmọ Gwarinpa
Ẹ̀yin lọ́yà, àwọn eré tí ọlọ́pàá Abuja ń wá gbé ọkùnrin torí pé ó bá ìyàwó oníyàwó sùn, ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn? Àgbèrè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ní Nàìjíríà.

Lọ́yà Wuse
Rárá o, àbúrò. Ní gúúsù lẹ ti gbọ́ ìyẹn. Penal Code, ìwé òfin ọ̀ràn ti àríwá, ni àwa ń lò ní Abuja àti àríwá. Abala 387 dá ti ọkùnrin, 388 dá ti obìnrin, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún méjì, tàbí owó ìtanràn, tàbí méjèèjì. Ṣùgbọ́n ó ní àlà: àwọn tí òfin ìbílẹ̀ tàbí àṣà tó dè wọ́n ka àgbèrè sí ọ̀ràn nìkan ló kàn. Nítorí náà, bí olùdarí eré bá gbé ọlọ́pàá wọlé, kó jẹ́ ká mọ ẹni tí ọkùnrin yẹn jẹ́ àti ibi tó ti wá. Bí kò bá ṣe é, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò ṣe é. Ẹ má kọ pé irọ́ ni.

Ọmọ Gwarinpa
Kai! Ó yé mi o. Ọ̀pọ̀ àgbéyẹ̀wò ló ti bú àwọn eré kan lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọmọ Sabon Gari
Ìyẹn Abuja. Tó bá jẹ́ Kano tàbí èyíkéyìí nínú ìpínlẹ̀ méjìlá tó ń lo òfin Ṣàríà fún ọ̀ràn, nǹkan tún yàtọ̀. Ẹlẹ́rìí mẹ́rin ni wọ́n ń béèrè kí ẹjọ́ àgbèrè tó dúró, àyàfi bí ẹni náà bá fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́. Eré tí aládùúgbò kan ṣoṣo ti jẹ́rìí tí àlùkálì, adájọ́ Ṣàríà, sì dájọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ kò wádìí.

Ọ̀rọ̀ míì tún wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣàgbéyẹ̀wò eré Hausa láti Abuja, ẹ dákun, ẹ yé kọ pé "kò sí ìfẹ́ láàárín wọn torí wọn ò fọwọ́ kan ara wọn." Ìpínlẹ̀ Kano ti ní àjọ tó ń yẹ fíìmù wò láti 2001, ọkùnrin àti obìnrin kì í sì í dì mọ́ra níbẹ̀. Nítorí náà, ojú, ilẹ̀kùn àti orin ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Bí obìnrin bá dúró lẹ́nu ọ̀nà zaure, yàrá àbáwọlé ilé Hausa, tó ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tó sì ń fa gyale, ìborùn rẹ̀, bo orí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ṣẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lójú ẹni tó ń wò ó ní Kano. Ẹni tí kò rí ìyẹn máa ní nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ fún wákàtí kan.

Alhaja Minna
Wallahi, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orin ti pọ̀ jù nínú ẹ̀. Inú ìjà làwọn méjì wà, orin wọlé, wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọmọ Sabon Gari
Alhaja, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ inú orin náà kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Ìgbà púpọ̀ ló jẹ́ pé ohun tí wọn ò lè sọ lójú ara wọn ni wọ́n ń kọ lórin. Bí orin náà kò bá gbé ìtàn lọ síwájú, ìgbà yẹn lẹ lè wí.

Alhaja Minna
Mo gbà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí jù nìyí: àwọn kan ń pe ìyàwó kejì ní àlè nínú àgbéyẹ̀wò wọn. Ọkùnrin san ṣadáákì, wọ́n so yìgì, ìmáàmù jókòó síbẹ̀, ẹ wá ń pè é ní àgbèrè? Ọ̀rọ̀ orogún nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlè. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni bóyá eré fi hàn pé ọkùnrin náà ń ṣe déédéé láàárín wọn, lówó àti ní pípín alẹ́.

Ẹniọlá Jos
Ẹ má bínú o, Alhaja, ṣùgbọ́n bó bá ti ṣe ti rẹ́jísìrì pẹ̀lú ìyálé ńkọ́? Kò tún lè so yìgì lé e.

Lọ́yà Wuse
Àǹtí Ẹniọlá ti fi ọwọ́ kan egbò. Ẹni tó ti ṣe ti rẹ́jísìrì kò lè fẹ́ ẹlòmíràn, bó ti wù kí wọ́n so yìgì tó, níwọ̀n ìgbà tí ti àkọ́kọ́ bá ṣì wà. Irú ìgbéyàwó wo ni wọ́n ṣe? Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí alágbèéyẹ̀wò gbọ́dọ̀ bi eré nìyẹn.

Alhaja Minna
Bẹ́ẹ̀ ni. Mo fara mọ́ ìyẹn, ti yìgì nìkan ni mò ń sọ.

Ẹ́dítọ̀ Mararaba
Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́. Ìran ìjà tọkọtaya ló le jù láti gé. Wọ́n máa ń ya ti ọkọ tán kí wọ́n tó yí kámẹ́rà sí ìyàwó. Bí àwọn méjèèjì bá ń sọ̀rọ̀ lé ara wọn lórí nígbà tí wọ́n ń ya ti ẹnìkan, ohùn méjì ti há sínú ara wọn nìyẹn, èdítọ̀ kò lè yà wọ́n mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ gbólóhùn tó já lágbede méjì. Èkejì, ìró jẹnẹrétọ̀. Bó bá wà lẹ́yìn ọkọ tí kò sì sí lẹ́yìn ìyàwó, etí á máa fò. Kí ẹni tó ń gba ohùn jẹ́ kí gbogbo ènìyàn dákẹ́, kó gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá yẹn fún bí ìṣẹ́jú kan, ìyẹn la fi ń dí àlàfo. Ẹ wo ibi tí kámẹ́rà dúró sí náà. Bó bá fò kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì láàárín ìjà, ó máa dà bíi pé ibì kan náà làwọn méjèèjì dojú kọ.

Ní ti ìran ibùsùn, ẹ yé kọ "wọ́n ṣe é gan-an." Ẹ sọ ohun tí eré fi hàn: ilẹ̀kùn tó tì? Ẹ̀yìn tó wà ní ìhòòhò? Ó gùn tó báwo? Kí ni ìran yẹn yí padà nínú ìtàn? Bí ẹ bá yọ ọ́ tí nǹkan kan ò yí padà, títa ni wọ́n fi ń ta ọjà, ẹ sọ bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé Lugbe
Ẹ ṣé, sà. Ti ọjọ́ orí ńkọ́? Bí NFVCB, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò, bá ti kọ 18 sí i, ṣé ó tó?

Ìyá Ìbejì Kubwa
Kò tó. Wọ́n ti dá àjọ yẹn sílẹ̀ láti 1993, wọ́n sì ní ìsọ̀rí bíi G, PG, 12, 15 àti 18, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan kò sọ ohun tó wà nínú eré. Ẹ fi ìlà kan kún un: "ìran ibùsùn mẹ́ta, kò sí ìhòòhò, ọkọ lu ìyàwó lẹ́ẹ̀kan, ó le láti wò, èébú pọ̀." Ìyá ọlọ́mọ tó kà á á mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ti lílù yẹn, ẹ má ṣe gbàgbé ẹ láé. Ẹni tó ti rí i nílé ara ẹ̀ yẹ kó mọ̀ kó tó jókòó.

Dèjì Kaduna
Ṣé ó yẹ kí a sọ ẹni tó jẹ̀bi? Àwọn kan ti máa ń tú gbogbo rẹ̀ ká ní ìlà kejì.

Ẹniọlá Jos
Rárá! Ẹ dúró síbi tí ìfura bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo Thunderbolt: Magun tí Tunde Kelani darí ní 2001, ìfura ọkọ sí ìyàwó ni gbogbo ẹ̀ dúró lé. Ẹ lè sọ pé mágùn wà nínú ẹ̀, orúkọ eré ti sọ ọ́. Ẹni tó fi í lé obìnrin náà lára, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹni tó máa wò ó.

Nọ́ọ̀sì Karu
Ẹ jọ̀ọ́, kí n fi ti ọsibítù kún un, torí ó ti mú mi bínú tó. Ọmọ ṣàìsàn, wọ́n fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ti bàbá kò bá ti ọmọ mu, dókítà yíjú sí ìyá, orin ìbànújẹ́ wọlé. Irọ́ gbáà! Bàbá lè jẹ́ A, kí ìyá jẹ́ B, kí ọmọ wọn sì jẹ́ O, bí àwọn méjèèjì bá gbé O pa mọ́ sára. Bàbá yẹn kò lè fún ọmọ náà lẹ́jẹ̀, òun ló sì bí i. Ohun tó yẹ kó mú ìbéèrè wá ni kí bàbá àti ìyá jẹ́ O, kí ọmọ wá jẹ́ A tàbí B.

Ti DNA náà: wọ́n á já irun orí ọmọ láàárọ̀, èsì á dé ní ìrọ̀lẹ́. Inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fi òwú nù, ti bàbá àti ti ọmọ, ti ìyá náà bó bá ṣeé ṣe. Irun tí wọ́n gé, tí kò ní gbòǹgbò, kò dára fún un. Èsì sì máa ń gba ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀. Ẹ wo ohun tí olùdarí eré ń sọ nù: ọ̀sẹ̀ méjì tí ọkọ fi ń wo ojú ọmọ nídìí oúnjẹ láìmọ̀!

Alhaja Minna
Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á bù kún yín. Jẹ́nótáìpù ńkọ́? Bàbá ní AA lòun, ọmọ wá jẹ́ SS.

Nọ́ọ̀sì Karu
Alhaja, S kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, S kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ló ń di SS. Bí bàbá bá jẹ́ AA lóòótọ́, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èsì AA kan wà tí kì í ṣe òótọ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ tún ti bàbá ṣe ní ilé àyẹ̀wò míì kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Eré tó bá fi ìran yẹn síbẹ̀, tí bàbá lọ tún un ṣe tí ó sì di AS, lẹ́yìn tó ti lé ìyàwó jáde, èmi á fún un ní gbogbo máàkì.

Ọmọ Gwarinpa
Ẹ dákun, kí ẹnìkan kọ eré yẹn.