Ọ̀dà tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi kun ìdí ọkọ̀ ojú omi wọn

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ Búnú ni mí, Lọ́kọ́jà ni mò ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ọkọ̀ onípákó tí wọ́n fi ń kó èrò lórí Odò Ọya. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ra garawa ọ̀dà mẹ́ta láti Èkó, ọ̀dà àtijọ́ tí wọ́n fi ń kun ìdí ọkọ̀ òkun kí nǹkan má baà hù mọ́ ọn. Mo rí "tributyltin" lára garawa kan, ìyẹn kẹ́míkà olóró tí wọ́n ń pò mọ́ irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀.

Mo kà nípa rẹ̀, àyà mi sì já. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ́ kúrò lára ọkọ̀ sínú omi. Létíkun Yúróòpù, abo ìgbín òkun bẹ̀rẹ̀ sí í hu nǹkan akọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì lè yé ẹyin mọ́. Ilẹ̀ Faransé ti fòfin dè é fún ọkọ̀ kéékèèké láti 1982. Àdéhùn àgbáyé tó lé e kúrò lára ọkọ̀ òkun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2008. Èbúté tiwa ńkọ́, níbi tí àwọn ọmọ ti ń wẹ̀, tí a ti ń fọ ẹja?

Ẹ̀gbọ́n mi ní owó ti lọ sí i. Àwọn ló rán mi nílé ẹ̀kọ́, n kò lè kò wọ́n lójú. Báwo ni kí n ṣe bá wọn sọ ọ́ tí kò ní dà bí àfojúdi? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀, kí lẹ fi ń kun ìdí tiyín? Garawa wọ̀nyí náà ńkọ́? N kò fẹ́ rì wọ́n mọ́lẹ̀, kànga wa ò jìnnà.