Ẹ bá mi wá fíìmù tí ìyá àgbà lè wò

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìyá ìyá mi ti kó wá sọ́dọ̀ wa ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì láti oṣù tó kọjá, èmi ni mo sì ń bá wọn wá fíìmù. Iṣẹ́ ti dé!

Jagun Jagun ti ọdún 2023 ni mo kọ́kọ́ gbé sí i. Ẹ̀gúsí ni màmá ń bó lọ́wọ́. Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi etí ìró bojú, wọ́n ní, "Ọmọ yìí, ṣé kí n má sùn lálẹ́ òní ni?" Mo yáa pa á. (Èmi gbádùn rẹ̀ ní tèmi o.)

Ṣaworoidẹ ti Túndé Kèlání, ti ọdún 1999, ló bá wọn lára mu. Àwo ẹ̀gúsí wà lórí ẹsẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ti dúró. Tí ìlù bá ti dún, wọ́n á mirí, wọ́n á ní Lápité, ọba inú fíìmù náà, kì í gbọ́ràn. A ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a sì ti wo Agogo Èèwọ̀ tó tẹ̀ lé e.

Kí ni kí n tún wá? Màmá kò lè ka ọ̀rọ̀ tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀, torí náà Yorùbá pọ́ńbélé ni mo fẹ́: kó lówe, kó nílù, kí ẹ̀jẹ̀ má pọ̀. Kó má gùn jù pẹ̀lú, ẹ ṣáà mọ ọ̀rọ̀ iná. Tí ẹ bá sì mọ èyí tí wọ́n ti sọ èdè Èkìtì látòkèdélẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dárúkọ.